Sí Àbẹ̀kẹ́, Kí Wọ́n Tó Fi Oògùn Dá Ìrọbí Rẹ̀ Sílẹ̀

Ilé wa, nítòsí ojú irin,
Ifọ̀.
Ọjọ́ Ajé, lọ́sàn-án.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo pọ̀n tí ẹ̀yìn ò ro mí,

Mo kí ọ, mo sì kí àlejò tó wà nínú rẹ. Ọkọ rẹ wà ní pálọ̀ níbí, ó ń jẹun lọ́wọ́, òun ni màá fi ìwé yìí rán sí ọ. Iṣẹ́ wáyà tó wá ṣe ní Ìbógùn ló parí, ó ní kí òun yà kí wa kí òun tó kọjá sí Mòwé. Bó ṣe jókòó ni mo ti rí i pé ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Mo ní, "Kọ́ládé, ṣé kò sí?"

Ó ní, "Màmá, Mọ́rẹ́nikẹ́, Àbẹ̀kẹ́ yín, ló ní òun ò lọ sọ́síbítù mọ́. Dókítà ní ká wá ní Ọjọ́bọ̀ kí wọ́n wá indúùsì rẹ̀, kí wọ́n fi oògùn dá ìrọbí sílẹ̀. Ó ti kó gbogbo aṣọ ọmọ kúrò nínú báàgì. Ó ní ọmọ á wá nígbà tó bá fẹ́ wá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tiyín ló máa gbọ́."

Mo lè gbé fóònù kí n pè ọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wá, èmi pẹ̀lú rẹ. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, ẹkún ni màá sun, ìwọ náà á gbè é, a ò sì ní sọ nǹkan kan tó nítumọ̀. Bàbá rẹ ṣì ń fi ọ̀pá rìn látìgbà tí wọ́n ti já bọ́ lórí àkàbà, mi ò sì lè dá wọn dá ilé títí àbúrò wọn á fi dé lọ́la. Lọ́túnla ni màá wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo fẹ́ kí o ti ka ọ̀rọ̀ mi kí n tó dé. Gbé ẹsẹ̀ sókè sórí àpótí kí o tó máa kà á lọ, nítorí Kọ́ládé ní wọ́n ti wú.

Mi ò bínú sí ọ, ọmọ mi. Wọ́n sọ fún obìnrin pé wọ́n fẹ́ fi oògùn ti ìrọbí tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ò sì bà á? Ẹni tí ẹ̀rù ò bà, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé e ni. Mo tún gbọ́ pé ìyá ọkọ rẹ ti wá láti Akúté, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé bí obìnrin Hébérù lo máa bí. Àdúrà ni wọ́n gbà fún ọ, ìfẹ́ ló sì mú wọn wá. Má ṣe bá wọn jiyàn. Máa ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ kọ́ ni kéèyàn jókòó máa wo iná títí tí á fi jó dé àjà. Oyún rẹ ti kọjá ọjọ́ ìkúnlẹ̀ tí wọ́n dá fún ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ tí kì í ru tẹ́lẹ̀ ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ibi ọmọ tó ń gbé oúnjẹ fún un nínú, bó bá ti pẹ́ jù, agbára rẹ̀ á máa dínkù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í ránṣẹ́ kó tó dé. Kì í ṣe pé dókítà ń kánjú. Ó wò ó, ó rí i pé ìta ti dára fún ọmọ náà ju inú lọ báyìí.

Kì í ṣe pé ara rẹ ti já ọ kulẹ̀, o gbọ́? Mo mọ̀ pé nǹkan tó ń dùn ọ́ gan-an nìyẹn. Kọ́ládé ní o sọ pé, "Gbogbo obìnrin ń rọbí fúnra wọn, kí ló dé tí tèmi fi yàtọ̀?" Kò yàtọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n fi oògùn dá ìrọbí sílẹ̀ fún èmi tí mo bí ọ. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún ọ, nítorí ọ̀nà tí ọ̀kan gbà parí kọ́ ni èkejì gbà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Gbénga ló kọ́kọ́. Ọdún tí èmi àti bàbá rẹ kó dé láti Ìkìrun ni, tí a gba yàrá kan ṣoṣo níbí. Mo ń lọ aṣọ oníbàárà lọ́wọ́ ni omi bá já lára mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ìtọ̀ ni. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú, ó mọ́, ìrọbí ò dé. Nígbà tí mo délé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan wá, ó gbé dírípù kọ́, ó fa oògùn sínú rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò bi í, torí lọ́kàn mi, ẹni tó bá ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ọ̀rọ̀, aláfojúdi ni. Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ tí mò ń wo omi tó ń kán nìyẹn, tí mi ò mọ̀ bóyá ìwòsàn ni àbí ikú.

Kò pẹ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Ó ń wá, ó ń lọ, mo ń fara dà á. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin, Àǹtí Sìkírá, wọlé wá pẹ̀lú fláàsì kan lábẹ́ ìborùn. Olóògbé ni wọ́n báyìí, inú wọn sì dára sí mi títí wọ́n fi kú. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, àgbo ni. Mu ún, á jẹ́ kó yára." Mo mu ife kan, mo tún mu díẹ̀ sí i, nítorí ta ni kò fẹ́ kó yára?

Ọmọ mi, ìrora tó ń wá tó ń lọ tẹ́lẹ̀ kò lọ mọ́. Ó dì mọ́ mi níkùn, kò sí àyè kí n mí. Nọ́ọ̀sì mìíràn, obìnrin kan tó dàgbà, ló gbọ́ igbe mi. Ó gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé ikùn mi, ó gbọ́, ó tún gbọ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ti dírípù pa lójú ẹsẹ̀, ó yí mi sí ẹ̀gbẹ́ òsì.

Ó ní, "Kí lo mu?"

Mò ń wo Àǹtí Sìkírá, àwọn náà ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Mi ò bá ọ jà, ìyá ọmọ. Ọkàn ọmọ rẹ ló ń lọ sílẹ̀. Sọ fún mi kí n mọ ohun tí màá ṣe."

Mo nawọ́ sí fláàsì náà. Ó ránṣẹ́ pe dókítà, wọ́n dúró tì mí, wọ́n ń gbọ́ ọkàn ọmọ léraléra. Díẹ̀díẹ̀ ni ikùn mi dẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn ọmọ náà sì padà sí bó ṣe yẹ kó wà. Nígbà tó yá, obìnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ṣàlàyé. Ó ní oògùn inú dírípù ń ti ilé ọmọ kó máa sún kì, kó máa dẹ̀, bó ṣe yẹ. Àgbo náà ń tì í. Bí méjèèjì bá pàdé, ilé ọmọ kò ní ráyè dẹ̀, ìgbà tó bá sì dẹ̀ ni ọmọ ń rí èémí gbà. Ilé ọmọ ẹlòmíì máa ń ya. Nígbà tí wọ́n dá dírípù náà padà, tí mo bí Gbénga nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó ké, Àǹtí Sìkírá ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyí: ohunkóhun kò gbọ́dọ̀ gba ẹnu rẹ wọlé láìjẹ́ pé àwọn nọ́ọ̀sì mọ̀. Kì í ṣe àgbo nìkan. Òróró láàrà ńkọ́? Má mu ún. Oògùn kékeré tí wọ́n máa ń tà ní kẹ́mísìtì, tí ọ̀rẹ́ rẹ kan lè sọ pé òun náà lò nílé? Má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Oògùn kan náà ni wọ́n lè fún ọ lọ́síbítù, ṣùgbọ́n níbẹ̀ wọ́n mọ ìwọ̀n tó yẹ ọ́, wọ́n sì wà lẹ́bàá rẹ láti gbọ́ ọkàn ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan wá, gbà á, dúpẹ́, kí o fi pamọ́ dè mí. Èmi ni màá bá wọn sọ ọ́.

Ìkejì, máa béèrè. "Kí lẹ fẹ́ fún mi mà? Kí ló máa ṣe nínú ara mi?" Fi ọ̀wọ̀ béèrè, ṣùgbọ́n béèrè. Ara rẹ ni.

Ìwọ ni oyún mi kejì. Ìwọ náà kọjá ọjọ́ rẹ, àfi bíi pé ìwọ àti ẹni tó wà nínú rẹ yìí jọ pète rẹ̀. O mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọ jáde, o máa ń fi ìka tọ àpá ikùn mi nígbà tí o wà ní kékeré. Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé oògùn ni wọ́n kọ́kọ́ fi pè ọ́.

Lọ́tẹ̀ yẹn mo béèrè, dókítà sì fara balẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ, mo sì ti tún bi agbẹ̀bí kan tí mò ń rán aṣọ fún léèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí mo rí i pé ọjọ́ rẹ ti kọjá, ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n á fi ìka wo ẹnu ilé ọmọ bóyá ó ti rọ̀. Kì í dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Bó bá ṣì le, wọ́n á wá ọ̀nà tí á fi rọ̀. Ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n máa fi sí ojú ara rẹ, tàbí èyí tí wàá gbé mì. Ó sì lè jẹ́ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n á ti bọ ẹnu ilé ọmọ, tí wọ́n á fi omi wú lórí kó lè máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Inú á máa fún ọ bíi ti ìgbà nǹkan oṣù. O lè rìn, o lè sùn, kò sì sí ohun tó burú bí ó bá dà bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ibi tó ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyí. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti gba oògùn láàárọ̀, wọ́n á gbé ọmọ lọ́sàn-án. Kì í rí bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ọmọ àkọ́kọ́. Ó lè gbà tó ọjọ́ kan, ó lè lé. Wọ́n á gbé obìnrin tó bá ọ níbẹ̀ lọ sí yàrá ìbímọ, á bí, ìwọ á ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Má fi tirẹ̀ wé tìrẹ. Sọ fún Kọ́ládé kó má máa gbé e sórí fóònù fún ẹbí pé "wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ o," torí wọ́n á máa pè yín títí orí á fi fọ́ ọ. Kó sọ fún èmi àti ìyá rẹ̀. Ó tó.

Nígbà tí ẹnu ilé ọmọ bá ti rọ̀, wọ́n lè fi nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tú omi ọmọ. Ìyẹn kì í dun ọmọ rárá. Ooru omi náà nìkan ni wàá mọ̀ lítan. Lẹ́yìn náà ni dírípù. Mi ò ní parọ́ fún ọ nítorí pé mo fẹ́ kí o lọ: ìrora dírípù máa ń le, ó sì máa ń tètè gbóná ju èyí tó bá wá fúnra rẹ̀. Èyí tó bá wá fúnra rẹ̀ máa ń fún èèyàn láyè kó mọ̀ ọ́n lára. Bí apá rẹ ò bá ká a, sọ fún wọn. Oògùn ìrora wà, kì í ṣe ìtìjú kéèyàn béèrè rẹ̀. Mo há eyín pọ̀ nígbà tí mo fẹ́ bí ọ torí mo fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní akíkanjú. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí Kọ́ládé máa fi ọwọ́ ra ọ́ nídìí ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ gan-an. Bàbá rẹ ra tèmi títí ọwọ́ wọn fi wú.

Ohun tí wàá fi pariwo pe nọ́ọ̀sì, tí o ò ní tijú, nìyí: bí ìrora bá dì mọ́ ọ tí kò fún ọ láyè sinmi, bí mo ṣe sọ tẹ́lẹ̀; bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà; bí ọmọ ò bá mira bó ṣe máa ń mira; bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an tàbí ojú rẹ ń ṣe bàìbàì, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ tó ń ru. Èyíkéyìí nínú wọn, bó bá tilẹ̀ jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ tó dé ni, ẹ gbéra lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Má dúró ka ìwé yìí tán kó o tó gbéra.

Ó wá ku ohun tí o ń bẹ̀rù jù, tí o ò sọ fún Kọ́ládé, ṣùgbọ́n tí èmi mọ̀. Ọ̀bẹ.

Nígbà tí wọ́n fi dírípù sí mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ bí ọ, ìrora dé dáadáa, ẹnu ilé ọmọ ṣí dé ìdajì, ó sì dúró síbẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n yẹ̀ mí wò, ibẹ̀ náà ló wà. Dókítà wá, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Ó ní, "Màdáámù, a ti gbìyànjú. Ó ti ń rẹ ọmọ. Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ báyìí, nígbà tí ara ẹ̀yin méjèèjì ṣì gbé e."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n tún gbìyànjú díẹ̀ sí i, ẹ jọ̀ọ́ sà." Mo sunkún. Kì í ṣe ọ̀bẹ náà ni mò ń sunkún sí. Àwọn obìnrin ìjọ wa ni mò ń rò, tí wọ́n ti gbọ́wọ́ lé mi lórí pé abẹ ò ní kàn mí. Mo rò pé wọ́n á ní ìgbàgbọ́ mi ò tó.

Bàbá rẹ tẹ̀ mọ́ mi létí. Wọ́n ní, "Àníkẹ́, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èèyàn méjì ni mo fẹ́ kó lọ sílé. Ibi tí ọmọ bá gbà jáde, kò kàn mí."

Mo gbà. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn, ìsàlẹ̀ mi kú, ojú mi sì wà lójúfò. Mo gbọ́ ohùn rẹ kí n tó rí ọ. O ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Mo rò ó nígbà yẹn pé ká ní wọ́n gbà fún mi pé kí n tún gbìyànjú, bóyá mi ò bá tí gbọ́ ohùn yẹn láéláé. Síbẹ̀, fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, bí àwọn obìnrin bá ń sọ bí wọ́n ṣe bímọ, mo máa ń yí ọ̀rọ̀ padà. Ìtìjú kí ni, Àbẹ̀kẹ́? O ń sáré kiri inú ilé, o ń ya ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ, mo sì ń tijú bí o ṣe dé. Má ṣe jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni wọ́n ń fi oògùn dá ìrọbí sílẹ̀ fún tí wọ́n sì ń bí láti ojú ara, bí mo ṣe bí Gbénga. Ìyẹn ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún. Bó bá sì wá di ti abẹ, ọmọ lo bí, o ò jí i.

Mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀. Ẹ tètè kúrò nílé ní Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sún un sí ọjọ́ Ẹtì, torí èrò ìsìn kámpù á ti kún ọ̀nà márosẹ̀, ọ́síbítù ní Ìbàfò tó súnmọ́ yín yẹn á wá jìnnà bí òkè òkun. Jẹun díẹ̀ kí o tó kúrò nílé, ayàfi bí dókítà bá ní kí o má jẹ. Kí Kọ́ládé àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní, bóyá wọ́n á nílò ẹni tó máa fún ọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Lẹ́yìn tí o bá sì bí tán, jẹ́ kí wọ́n máa tẹ ikùn rẹ, kí wọ́n máa wo ẹ̀jẹ̀ rẹ, má sọ pé kí wọ́n fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ilé ọmọ tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ máa ń rẹ̀, wọ́n ní láti mọ̀ pé ó ń sún kì padà.

Kó aṣọ ọmọ padà sínú báàgì lónìí. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ kí o ṣe kí n tó dé. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n ọ́, sun ún bí o ṣe ń kó o.

Kọ́ládé ti jẹun tán, ó ń wo aago. Bàbá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ láyọ̀, pé a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ, wọ́n sì ti ń gbìyànjú láti dìde lórí ọ̀pá kí n lè rí i pé àwọn lè bá mi wá. Wọn ò lè bá mi wá.

Èmi á wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà. Nígbà tí wọ́n bá gbé e lé ọ láyà, mo mọ̀ pé ẹnìkan á fẹ́ sáré wá pè mí. Má jẹ́ kí wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. Wò ó dáadáa ná, kí òun náà wò ọ́. Ìyá rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Ìyá àgbà lè dúró.

Èmi tí mo bí ọ, tí inú mi sì dùn sí ọ̀nà tí o gbà wá,

Màmá rẹ.